Kí ẹ tó kó kúrò ní Àbújá: bí a ṣe ń fi ìnáwó ìlú kan wé ti òmíràn

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni lẹ́tà tíráńsífà tẹ àbúrò mi lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pè mí láti Lugbe, àdúgbò tó ń gbé ní Àbújá. "Ẹ̀gbọ́n, Kàdúná ni wọ́n gbé mi lọ o. Ṣebí ohun gbogbo ló dínwó níbẹ̀ ju Àbújá lọ? Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Mo bi í pé, "Epo pupa lítà mélòó lẹ̀ ń jẹ lóṣù?" Ó dákẹ́. Ó na fóònù sí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò kà á rí o. Bó bá ti tán la máa ń ra òmíràn."

Ẹni tí kò mọ iye epo tí ilé rẹ̀ ń jẹ kò lè mọ̀ bóyá Kàdúná á rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju Àbújá lọ. Ìlú kì í wọ́n fún gbogbo èèyàn bákan náà. Ohun tí ìlú máa gbà lọ́wọ́ yín wà lọ́wọ́ ohun tí ẹ̀ ń jẹ, ibi tí ẹ̀ ń sùn, àti bí ibi tí ẹ̀ ń sùn ṣe jìnnà tó sí ibi iṣẹ́. Mo ti gbé Ìlọrin, mo gbé Kàdúná fún ọdún mẹ́rin, Kubwa ní Àbújá ni mo wà báyìí. Ìgbà méjèèjì tí mo kó ẹrù ni mo ṣìṣirò, gbèsè sì wọlé tọ̀ mí wá. Mi ò fẹ́ kó ṣe àbúrò mi, mi ò sì fẹ́ kó ṣe ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ Yorùbá tó wà lókè Ọya níbí.

Ọ̀nà tí èmi àti àbúrò mi gbà ṣe ìṣirò rẹ̀ ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Gbogbo iye tí mo bá pè ní "ká ní," àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ti yín rọ́pò rẹ̀, torí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọjà kì í jókòó sójú kan mọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ìnáwó ilé yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ so bírò mọ́ ọn, ẹ gbé e kọ́ sára ìlẹ̀kùn kíṣìnnì. Ẹnikẹ́ni tó bá náwó nínú ilé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, títí kan ọmọ tí wọ́n rán ní búrẹ́dì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, torí owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa jù, owó kẹ̀kẹ́, omi, ata àti súyà, owó ọwọ́ la fi ń san án.

Ẹ kọ iye owó, ẹ sì kọ ìwọ̀n pẹ̀lú ẹ̀: kìló mélòó, lítà mélòó, kìló gáàsì mélòó, ìrìn ọkọ̀ mélòó. Ìwọ̀n yẹn gan-an lẹ máa gbé lọ sí ìlú kejì. Owó Àbújá ò ní bá yín kọjá Zuba.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, ẹ fa ìlà pa gbogbo ohun tí kò yí padà láti ìlú dé ìlú. Káàdì ìpè àti dátà ò yí padà. Owó tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí Màmá nílé, ìdámẹ́wàá tàbí sàráà, àjọ, owó ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí á tẹ̀ lé yín débi tí ẹ bá lọ. Wọ́n ṣe pàtàkì o, ṣùgbọ́n wọn ò ní nǹkan sọ nínú ìfiwéra yìí. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ máa gbé yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú àdúgbò, ẹ má mú ìlú

"Àbújá" lẹ́nu wa gbòòrò ju ilẹ̀ Àbújá lọ. Mararaba tí èrò fi ń kún àwọn ọkọ̀ tó ń wọ ìgboro láràárọ̀, ìpínlẹ̀ Nasarawa ló wà. Suleja, ìpínlẹ̀ Niger ni. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ á sọ fún ẹ pé Àbújá làwọn ń gbé, iṣẹ́ wọn sì wà ní Àbújá lóòótọ́. Nínú FCT, ìyẹn ilẹ̀ Àbújá fúnra rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ 6 ló wà: AMAC (tí ìgboro wà nínú ẹ̀), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Ẹni tó ń gbé Maitama àti ẹni tó ń gbé Gwagwalada, ká má purọ́, ìlú kan náà kọ́ ni wọ́n ń ná owó wọn sí.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ àdúgbò tí ẹ wà báyìí sápá kan, kí ẹ kọ orúkọ àdúgbò kan pàtó sápá kejì. Àbúrò mi kọ Lugbe, mo wá bi í pé àdúgbò wo ní Kàdúná ló jọ Lugbe: ibi tí òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń gbé, tí ilé ìwé wà nítòsí, tí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ò jìnnà. Ungwan Rimi, Barnawa, Sabon Tasha, Kawo, owó ilé wọn ò dọ́gba rárá. Bó bá jẹ́ Kánò ni, ọ̀pọ̀ nínú wa á kọ́kọ́ ronú Sabon Gari torí àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀ láti ayé bàbá wa. Bó bá jẹ́ Ìlọrin, Tanke tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún inú ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ GRA.

Àṣìṣe tí mo ṣe nígbà tí mo ń bọ̀ láti Kàdúná nìyẹn. Ilé yàrá méjì tí mo ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ ni mo fi wé ilé yàrá méjì ní ẹ̀yìn odi Àbújá. Owó ilé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mo ní ayé ti dẹrùn. Ọ̀nà ni mi ò kà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ní ọjà, ẹ fi kìló sọ̀rọ̀

Ibí làwọn èèyàn ti ń tan ara wọn jù. Ará Ìbàdàn á ní kóńgò ẹ̀wà ti di báyìí, ará Àbújá á ní múdù ti di báyìí, ará Kánò á fi tíyà dáhùn. Wọ́n á wá máa fi owó wọn wé ara wọn bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n rà. Tíyà Kánò tóbi ju múdù lọ dáadáa. Múdù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo: òmíràn wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọnú, òmíràn ẹnu ẹ̀ gbòòrò tí òkítì orí ẹ̀ fi ń ga. Oníṣòwò kan á bu tirẹ̀ títí á fi máa ṣàn sílẹ̀, ẹlòmíràn á fi ọwọ́ gé e lórí pẹrẹsẹ.

Mo ní òṣùwọ̀n kékeré kan tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì. Lọ́jọ́ kan mo ra múdù ẹ̀wà olóyin kan ní ìsọ̀ kan, mo tún ra òmíràn ní ìsọ̀ kejì nínú ọjà kan náà. ₦2,400 ni ti àkọ́kọ́, ₦2,250 ni ti èkejì, inú mi sì dùn sí èkejì. Nígbà tí mo délé mo gbé ọ̀rá méjèèjì gun òṣùwọ̀n lórí tábìlì. Ti àkọ́kọ́ wọn kìló 1.46. Ti èkejì wọn kìló 1.31. Ẹ pín in: kìló kan ti àkọ́kọ́ jẹ́ bíi ₦1,644, ti èkejì jẹ́ bíi ₦1,718. Èyí tó dà bí ẹni pé ó dínwó ló wọ́n. Inú ọjà kan ṣoṣo nìyẹn o. Ẹ wá wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú méjì.

Bí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, agolo mílíìkì á ṣe é. Ẹ fi agolo wọn ohun tó wà nínú múdù tí ẹ̀ ń rà, kí ẹ ka iye agolo. Lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó wà ní ìlú kejì pé kó fi irú agolo yẹn gan-an wọn tirẹ̀. Àbúrò mi bẹ ìyá kan tí wọ́n jọ ń lọ mọ́ṣáláṣí tẹ́lẹ̀, tó ti kó lọ sí Kawo. Ìyá náà ka agolo tirẹ̀ lórí fóònù, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, àwa náà ń ka tiwa. Iṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ti yanjú.

Ẹ rí i dájú pé irú kan náà lẹ̀ ń fi wé ara wọn. Ìrẹsì ìbílẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì ìbílẹ̀, olóyin pẹ̀lú olóyin. Iṣu ló le jù, torí iye orí la fi ń rà á, orí iṣu sì yàtọ̀ síra. Ẹ ra ẹyọ kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Tòmátì tí wọ́n ń tà ní ike ọ̀dà náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Èyí tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lábẹ́, ẹ ti rà afẹ́fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan náà sì ni kí ẹ wo owó méjèèjì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn làwọn àgbẹ̀ Kánò àti Kàdúná máa ń bomi rin tòmátì, tó fi jẹ́ pé láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹta ó máa ń pọ̀ yanturu. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di góòlù. Ẹni tó bá fi owó tòmátì Kàdúná ti oṣù Kejì wé ti Àbújá ní oṣù Kẹfà, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ló fi wé ara wọn.

Fún àwa tó ń se ọbẹ̀ Yorùbá, òfin kan wà tó máa ràn yín lọ́wọ́: ẹ wo ibi tí ohun jíjẹ náà ti ń bọ̀. Ìrẹsì, ẹ̀wà, àlùbọ́sà Sókótó àti Kebbi, ata, ànàmọ́ òyìnbó Jọ́s àti màlúù, òkè Ọya ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè sí, lẹ̀ ń sún mọ́ orísun wọn. Ọjà Dawanau ní Kánò, ọkà tó ń ti ibẹ̀ jáde ń dé Niger Republic. Farin Gada ní Jọ́s, ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́ ti ń gun ọkọ̀ bọ̀ wá sí Àbújá. Ṣùgbọ́n epo pupa, gaàrí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, èlùbọ́ Ṣakí àti panla, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gòkè, owó ọkọ̀ wọn sì ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ṣe ń lọ.

Torí náà, kì í ṣe pé kí ẹ ka iye ọjà tó dínwó. Ohun tí ilé yín ń jẹ lẹ máa fi sọ owó rẹ̀ di púpọ̀. Ká ní ilé kan ń jẹ ẹ̀wà kìló 4 àti epo pupa lítà 6 lóṣù. Ká ní kìló ẹ̀wà jẹ́ ₦1,900 ní Àbújá, ₦1,500 ní Kàdúná. Ká ní lítà epo jẹ́ ₦2,300 ní Àbújá, ₦2,600 ní Kàdúná. Lórí ẹ̀wà, wọ́n jèrè ₦400 lọ́nà mẹ́rin, ₦1,600. Lórí epo, wọ́n pàdánù ₦300 lọ́nà mẹ́fà, ₦1,800. Ẹ̀wà já wálẹ̀ ju bí epo ṣe lọ sókè lọ, síbẹ̀ ilé yẹn ti jẹ gbèsè ₦200. Ilé Hausa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ń sè, á sọ pé oúnjẹ rọrùn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, òótọ́ ilé tiwọn.

Ohun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ̀ ń rà jù tó. Ẹ má da ara yín láàmú lórí iyọ̀ àti ìṣáná.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ bèèrè gbogbo owó tó wà lórí ilé

Onílé máa dárúkọ owó ilé. Ẹ́jẹ́ǹtì máa wá fi tirẹ̀ lé e, lọ́yà máa fi owó ágírímẹ́ǹtì lé e, wọ́n á ní owó kọ́ṣọ̀n, àwọn ilé onígéètì á tún gba owó ìtọ́jú àyíká lọ́dọọdún. Ká ní owó ilé jẹ́ ₦600,000, ẹ́jẹ́ǹtì gba 10 nínú 100, ágírímẹ́ǹtì náà 10 nínú 100, kọ́ṣọ̀n ₦50,000. ₦770,000 lẹ máa kó sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kọ́ṣọ̀n, ó yẹ kí wọ́n dá a padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ yọ ọ́ sápá kan. ₦720,000 tó kù, ẹ pín in sí oṣù 12: ₦60,000 lóṣù ní ọdún àkọ́kọ́. Ní ọdún kejì, ₦50,000.

Ẹ rí i pé ọdún àkọ́kọ́ àti ọdún kejì yàtọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọdún kan péré lẹ máa lò ní ìlú tuntun, owó ẹ́jẹ́ǹtì lè jẹ gbogbo èrè yín tán. Owó lọ́rí tó máa kó ẹrù pẹ̀lú owó káfíńtà àti kọ́tìnì tuntun (torí fèrèsé ilé kì í bára mu láéláé), ẹ ròó pọ̀, kí ẹ pín in sí iye oṣù tí ẹ rò pé ẹ máa gbé níbẹ̀.

Kí ẹ bèèrè bóyá onílé ń gba owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan. Ilé tó dínwó tí wọ́n ní kí ẹ san ọdún méjì lórí ẹ̀ lè mú kí ẹ lọ yáwó, èlé owó yẹn sì ti di ara owó ilé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọ̀nà

Ohun tó ń jẹ owó Àbújá jù lọ nìyí lójú tèmi, òun ni kì í sì í sí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn. Láti 2006 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò nígboro Àbújá. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀yìn odi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Garki tàbí Wuse á gun kẹ̀kẹ́ láti ilé dé títì, á wọ ọkọ̀ láti títì dé ìkóríta Berger tàbí AYA, á tún wọ òmíràn dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní àlọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní àbọ̀. Tí ẹ bá bi í pé èló ni ọkọ̀ ń gbà, ti àárín yẹn nìkan ló máa dárúkọ.

Ẹ ka ìwọlé sọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦1,600, ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, ₦35,200 nìyẹn. Bí ìyàwó náà bá ń jáde lọ síṣẹ́, ₦70,400. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024, ₦70,000 ni. Odidi owó oṣù òṣìṣẹ́ kan ti wọ ọwọ́ awakọ̀ tán.

Ẹ ka àkókò náà mọ́ owó. Ẹni tó jáde kúrò ní Mararaba láago márùn-ún ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya má bàa ká a mọ́, ìta ló ti máa jẹun àárọ̀, ìta ló ti máa jẹ tọ̀sán. Ọmọ rẹ̀ á dúró ní lẹ́sìn títí di aago mẹ́fà, owó lẹ́sìn ti wọlé. Nígbà tí mo wà ní Kàdúná, ilé ni mo ti ń jẹ ẹ̀bà ọ̀sán. Mi ò mọ̀ pé owó ni mo ń fi pamọ́ àfìgbà tí mo dé Àbújá, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra abọ́ ìrẹsì lójoojúmọ́. Ìwé ìnáwó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn á fi èyí hàn yín bí ẹ bá kọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ tirẹ̀: Adaidaita Sahu ní Kánò, kẹ̀kẹ́ ní Ìlọrin, Máíkírà ní Ìbàdàn. Ẹ bi ẹni tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ má bi ẹni tó ní mọ́tò.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn á gbé Kàdúná kí àwọn máa fi ọkọ̀ ojú irin lọ síṣẹ́ ní Àbújá. Ojú irin náà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje 2016, gùn tó kìlómítà 186 láti Idu dé Rigasa. Idu kì í ṣe àárín ìgboro Àbújá, bẹ́ẹ̀ ni Rigasa kì í ṣe àárín ìgboro Kàdúná, torí náà owó ọkọ̀ méjì míì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn agbébọn kọ lù ú ní 28 oṣù Kẹta 2022, ọkọ̀ náà ò sì ṣiṣẹ́ mọ́ títí di oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìgbésí ayé rẹ̀ ka orí ọ̀nà kan, kó ronú ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ tí ọ̀nà yẹn bá dí.

Ìgbésẹ̀ 6: Iná àti omi

Iye tí iná ń gbà lọ́wọ́ yín wà lọ́wọ́ ìlà tí wọ́n fa wọ àdúgbò yín. Band A ni wọ́n ń pe ìlà tó yẹ kó ní iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó Band A fò sókè sí ₦225 fún yúníìtì kan, àwọn tó kù ò yí padà nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń sá fún ilé Band A. Ẹ dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó bẹntiróòlù tí ẹ̀ ń dà sínú jẹnẹrétọ̀ ní ilé Band D, kí ẹ fi kún owó mítà, kí ẹ tó sọ èyí tó wọ́n nínú méjèèjì. Kí ẹ sì bi àwọn ará àdúgbò bóyá wákàtí 20 yẹn ń pé lóòótọ́, torí orúkọ ìlà àti iná tó ń tàn lè má jọra.

Ilé iṣẹ́ iná tó ń bójú tó Àbújá, AEDC, òun náà ló ni Niger, Nasarawa àti Kogi, torí náà Suleja tàbí Mararaba ò yọ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Kàdúná ní tirẹ̀, Kánò ní KEDCO, Jọ́s ní tirẹ̀, Ìlọrin wà lábẹ́ IBEDC.

Ojú ọjọ́ náà ń gba owó iná. Jọ́s wà lórí òkè tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,200. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ á ra bùláńkẹ́ẹ̀tì, á sì gbàgbé fáànù. Ní Kánò, láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, ẹ ò ní lè sùn láìsí fáànù tó ń yí.

Ní ti omi, ẹ bèèrè ohun tó ń jáde nínú ẹ̀rọ, ẹ má bèèrè bóyá ẹ̀rọ wà. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn odi Àbújá, mẹ́rúwà tó ń ti ọmọlànkẹ́ ló ń bu omi fún wa. Ẹ ka iye kẹ́ẹ̀gì tí ilé yín ń lò lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ bèèrè owó kẹ́ẹ̀gì ní àdúgbò tuntun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan náà, torí nígbà òjò gbogbo ilé ló ní omi. Ilé tó ní kànga tàbí bohúùlù lè fi ẹgbẹ̀rún mélòó kan wọ́n jù lóṣù, kó sì tún dínwó.

Ìgbésẹ̀ 7: Ilé ìwé àti ọ̀nà ilé

Ilé ìwé, ẹ gba ìwé owó rẹ̀ wálé, kí ẹ ka aṣọ, ìwé kíkà, ọkọ̀ ọmọ àti owó ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tuntun. Ti ìforúkọsílẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni, ẹ kọ ọ́ mọ́ owó lọ́rí.

Ọ̀nà ilé ni ìnáwó àwa tó wà lókè Ọya. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ lọ sílé lọ́dún tó kọjá, Iléyá, Kérésì, òkú, ìgbéyàwó, kí ẹ ka orí tó wọ ọkọ̀. Ẹni tó ń gbé Àbújá tó ń gba Lokoja lọ sí Ọ̀ṣun, bó bá kó lọ sí Kàdúná, ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá ti fi kún un, ní àlọ àti àbọ̀, fún gbogbo orí. Bó bá jẹ́ Ìlọrin ló kó lọ, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n ẹ ránti pé ẹni tó bá sún mọ́lé ni wọ́n ń pè sí gbogbo ìnáwó. Aṣọ ẹbí á pọ̀ sí i, mo sọ èyí látinú ohun tí ojú mi rí.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí ẹ ṣe máa ka ìròyìn ìjọba

Àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè yìí, máa ń gbé ìròyìn owó ọjà jáde lóṣooṣù. Ìwé ìròyìn á wá kọ ọ́ pé ìpínlẹ̀ báyìí ni owó ọjà ti lọ sókè jù. Àwọn èèyàn á kà á pé ibẹ̀ ni ọjà ti wọ́n jù. Kì í ṣe ohun kan náà. Iye yẹn ń sọ bí owó ṣe yára gòkè níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìlú tí ọjà rẹ̀ dínwó gan-an lè yára gòkè kó má sì tíì bá èyí tó ti wọ́n látilẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àjọ náà sọ 2024 di ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn dípò 2009, èyí ni pé wọ́n gbé gbogbo ibi lé orí 100 láti bẹ̀rẹ̀. 100 ti Kánò àti 100 ti Àbújá ò sọ pé owó wọn dọ́gba.

Èyí tó lè ràn yín lọ́wọ́ nínú ìwé wọn ni àwọn tó dárúkọ owó gan-an ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan: owó oúnjẹ, owó gáàsì, owó ọkọ̀. Ẹ fi ṣe àyẹ̀wò iye tí ẹbí yín sọ lórí fóònù. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ẹ tún pè é.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ ròó pọ̀, kí ẹ sì lọ sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta

Ẹ ya ìwé sí méjì: Lugbe sápá kan, Kawo sápá kejì. Ilé, ọ̀nà, oúnjẹ, iná, omi, ilé ìwé, ọ̀nà ilé tí ẹ pín sí oṣù 12. Lábẹ́ ẹ̀, ẹ kọ ohun tó ń wọlé. Owó oṣù àbúrò mi ò yí padà, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń ta aṣọ àǹkárá, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì wà ní Lugbe. A kọ òdo síwájú owó aṣọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ní Kàdúná. Ìlà yẹn nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo èrè orí owó ilé àti owó ọkọ̀ lọ. Ìyàwó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé tí ẹ kọ tèmi náà." Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìkólọ, ẹnikẹ́ni ò tíì ka ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ. Ẹ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ má lọ lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ sùn sílé ẹbí tó bá wà ládùúgbò náà, kí ẹ jáde láago tí ẹ máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wọ ọkọ̀ náà. Ẹ gbé òṣùwọ̀n tàbí agolo yín dání wọ ọjà, ẹ ra ohun tí ẹ máa fi se ọbẹ̀ ọjọ́ méjì, ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́. Kí ẹ kíyè sí ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tó dé. Kí ẹ bá aládùúgbò kan sọ̀rọ̀ nípa omi.

Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n padà dé lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n yí àdúgbò padà nínú ìwé wọn lẹ́ẹ̀mejì, torí ilé tí wọ́n kọ́kọ́ fọkàn sí jìnnà sí ọ́fíìsì ju bí wọ́n ṣe sọ fún wọn lórí fóònù lọ. Èyí tí wọ́n mú níkẹyìn fi ₦80,000 wọ́n lọ́dún ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́. Ìyàwó ti bá obìnrin kan tó ń ránṣọ ládùúgbò náà sọ̀rọ̀ nípa igun ìsọ̀ kan. Ìwé ìnáwó tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kíṣìnnì ní Lugbe, wọ́n tú u, wọ́n kó o mọ́ ẹrù.